Ká Mọ Ìwà Kẹ́míkà Láti Ara Àwòrán Rẹ̀

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, acetone di ohun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń wá lójú méjèèjì. Òun ni wọ́n fi ń po cordite, ẹ̀tù tí wọ́n ń kì sínú àgbá ogun. Ọkùnrin kan ti wà ní yunifásítì Manchester láti 1904, Chaim Weizmann lorúkọ rẹ̀, tó rí kòkòrò àìfojúrí kan tó máa ń jẹ sítáàṣì àgbàdo, tó sì ń fi ohun olómi mẹ́ta rọ́pò rẹ̀: acetone, butanol, àti ethanol tó ń mú ọtí pa ènìyàn. Nínú ìdá mẹ́wàá tó bá jáde, nǹkan bíi mẹ́fà á jẹ́ butanol, mẹ́ta á jẹ́ acetone, ìyókù á jẹ́ ethanol. Weizmann yìí kan náà ló padà di ààrẹ àkọ́kọ́ ní Ísírẹ́lì ní 1949, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣèlú kọ́ là ń sọ. Ohun tó kàn wá ni pé inú ìkòkò kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń jáde, pọ̀ mọ́ omi, ó sì di dandan kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bí àwọn tó ń sè ògógóró ṣe ń ṣe ni wọ́n ṣe é. Wọ́n gbé e kaná. Èyí tó bá yá hó á kọ́kọ́ fò lọ, wọ́n á mú un tutù kó lè padà di omi nínú ìgò tirẹ̀. Acetone ń hó ní 56°C, ethanol ní 78°C, butanol ní 118°C. Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà mẹ́ta yìí ti mọ ibi tí iṣẹ́ ti máa bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó máa parí sí.

Weizmann ní ohun olómi rẹ̀ lọ́wọ́, kò nílò ju kó ti tẹmọ́mítà bọ̀ ọ́. Ta ni yóò wá ran ẹni tí kò ní kẹ́míkà náà lọ́wọ́ rárá lọ́wọ́? Ó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe é rí. Ó lè jẹ́ pé ó léwu láti fọwọ́ kàn. Ó lè jẹ́ pé inú afẹ́fẹ́ nìkan ló wà, díẹ̀díẹ̀ tí a kò lè kó jọ sínú ṣíbí. Àwòrán mólékù rẹ̀ lórí ìwé ni gbogbo ohun tó wà nílẹ̀: kábọ́ọ̀nù mélòó, háídírójìn mélòó, èwo ló so mọ́ èwo. Ó ti lé ní ọgọ́jọ ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń bi ara wọn bóyá àwòrán yẹn lè sọ ibi tí nǹkan yóò ti hó, iye ooru tí yóò mú jáde bó bá jóná, àti bí yóò ṣe máa fò lọ sínú afẹ́fẹ́. Ìdáhùn ni pé ó lè sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó níbi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe é gbọ́kàn lé mọ. Mo sì rò pé mímọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí gan-an ni iṣẹ́ onímọ̀; ìṣirò fúnra rẹ̀ kò le.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe é. Mólékù ethanol pín sí wẹ́wẹ́ mẹ́ta. Apá kan ni kábọ́ọ̀nù tó so háídírójìn mẹ́ta mọ́ra, tí wọ́n ń kọ ní CH3. Èkejì ni kábọ́ọ̀nù tó so méjì mọ́ra, CH2. Ẹ̀kẹta ni ọ́síjìn tó gbé háídírójìn kan dání, OH. Ní 1984, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní MIT ní Amẹ́ríkà, Kevin Joback, fi iye kọ̀ọ̀kan lé irú wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí nínú ìwé ìwádìí rẹ̀. Òun àti ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀, Robert Reid, tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1987. Ní ti ìwọ̀n ìhó, CH3 gba 23.58, CH2 gba 22.88, OH gba 92.88. Kábọ́ọ̀nù tó di ọ́síjìn mú lọ́nà méjì, èyí tó wà láàárín acetone, gba 76.75. Lẹ́yìn tí a bá ti ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó fi 198.2 kún un, kẹ́míkà yòówù kó jẹ́.

Ẹni tó bá ti ra oúnjẹ ní búkà rí ti ṣe ìṣirò yìí. Ṣíbí ìrẹsì kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀, ẹran ní tirẹ̀, pọ̀ǹmọ́ ní tirẹ̀. Bó o bá sì fẹ́ gbé e lọ sílé, owó ike wà níbẹ̀, ìbáà ṣe ṣíbí kan lo rà tàbí márùn-ún. Owó ike ni 198.2 yẹn.

Ethanol ní CH3 kan, CH2 kan, OH kan. Pẹ̀lú 198.2, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 337.54. Òṣùwọ̀n Kelvin nìyẹn, tí kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí omi ti ń di yìnyín bíi ti Celsius, bí kò ṣe láti ibi tí òtútù ti dópin pátápátá. Bí a bá yọ 273.15 kúrò, ó kù 64°C. Butanol ní CH2 mẹ́ta dípò ẹyọ kan, tirẹ̀ sì jẹ́ 110°C. Acetone, CH3 méjì àti àárín rẹ̀, bọ́ sí 49°C.

Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òtítọ́: 49 dípò 56, 64 dípò 78, 110 dípò 118. Kò sí èyí tó bá a nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Síbẹ̀ ó mọ èyí tí yóò ṣáájú, ó mọ èyí tí yóò gbẹ̀yìn, ó sì mọ̀ pé àlàfo tó wà láàárín wọn fẹ̀ tó láti yà wọ́n nípa gbígbé kaná. Ẹni tó ń rò ó bóyá kí òun tilẹ̀ dáwọ́ lé iṣẹ́ náà ti rí ìdáhùn gbà. Ẹni tó fẹ́ lọ ra irin láti fi kọ́ ilé iṣẹ́ kò tíì rí i.

Kí ló dé tí OH fi níye lórí tó bẹ́ẹ̀, tó fi ju CH2 lọ ní ìlọ́po mẹ́rin? Háídírójìn tó wà létí ọ́síjìn máa ń fa ọ́síjìn mólékù mìíràn mọ́ra. Àwọn mólékù tó ní OH tipa bẹ́ẹ̀ di ara wọn mú, ooru púpọ̀ ló sì ń gbà kí wọ́n tó jáwọ́. Ẹ wo diethyl ether, èyí tí àwọn dókítà fi ń mú aláìsàn sùn láyé àtijọ́ kí wọ́n tó fi abẹ kàn án. Kábọ́ọ̀nù mẹ́rin, háídírójìn mẹ́wàá, ọ́síjìn kan ló ní, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti butanol. Ṣùgbọ́n àárín kábọ́ọ̀nù méjì ni ọ́síjìn ether há sí, kò ní háídírójìn létí, òun sì ń hó ní 35°C nígbà tí butanol ń dúró de 118. Tábìlì Joback sọ 40 fún ether. Ẹni tó bá ka iye átọ́ọ̀mù nìkan yóò pe àwọn méjèèjì ní ọ̀kan náà. Ìtòpọ̀ wọn ló ṣe ìyàtọ̀.

Ìlú Manchester ní ìpín nínú bí ọmọ aráyé ṣe dé orí èrò yìí. Ibẹ̀ ni John Dalton gbé ayé rẹ̀ láti 1793 títí ó fi kú ní 1844, tó ń kọ́ ọmọ ilé ìwé ní ìṣirò, tó ń ka ìwádìí rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìlú náà, tó sì tẹ ìwé jáde ní 1808 pé ohun gbogbo ni a fi átọ́ọ̀mù tó ní ìwúwo tirẹ̀ kọ́. Dalton mọ̀ pé wẹ́wẹ́ wà, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe so pọ̀. Ó gbà pé háídírójìn kan àti ọ́síjìn kan ló di omi, títí ayé rẹ̀ ni kò sì fi yí èrò yẹn padà. Ní 1851, wọ́n ṣí Owens College, èyí tó padà di yunifásítì ìlú náà, Edward Frankland sì ni ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísírì àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ọdún kejì rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní iye ọwọ́ tó lè fi di ẹlòmíràn mú, kì í sì í kọjá iye náà. Láìsí èyí, kò sẹ́ni tó lè ya àwòrán mólékù tó nítumọ̀, ká má tilẹ̀ sọ pé ó máa gé e sí wẹ́wẹ́.

Ará Jámánì kan, Hermann Kopp, ti ṣàkíyèsí ní 1842 pé nínú ọ̀wọ́ àwọn kẹ́míkà tó jọra, bí CH2 kan bá ti kún un, ìwọ̀n ìhó á gòkè ní nǹkan bíi 19. Ìpìlẹ̀ tábìlì gbogbo nìyẹn. Ará Jámánì mìíràn, Carl Schorlemmer, kó wá sí Manchester ní 1859, ó sì lo ìyókù ayé rẹ̀ lórí àwọn epo tó jẹ́ kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn nìkan, irú èyí tó ń ti inú èédú àti epo rọ̀bì jáde. Ní 1864 ló fi hàn pé gáàsì méjì tí àwọn èèyàn ń pe ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jẹ́ ẹyọ kan náà, èyí tí a mọ̀ sí ethane lónìí. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1874. Ọ̀rẹ́ Marx àti Engels ni, ọ̀pọ̀ ìwé ló sì fi ìyẹn rántí rẹ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo rò pé ìyẹn kò dáa tó: bí CH3 bá fẹ́ ní iye tirẹ̀ nínú tábìlì, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá wa lójú pé CH3 kan náà ni CH3 gbogbo.

Ooru jíjó tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, àdúgbò kan náà ló sì ti wá. James Prescott Joule, ọmọ ọlọ́tí ní Salford, tí odò kan péré yà sọ́tọ̀ kúrò lára Manchester, kọ́ ìmọ̀ lọ́dọ̀ Dalton nígbà tó ṣì kéré. Láàárín iṣẹ́ ilé ìpọntí bàbá rẹ̀ ló ti ń wọn bí agbára ṣe ń di ooru: ó mú kí ohun wíwúwo máa já bọ̀, kó máa yí abẹ̀bẹ̀ nínú omi, ó sì wo bí omi náà ṣe gbóná sí. Ní itẹ́ òkú Brooklands ní Sale, ní gúúsù Manchester, nọ́ńbà 772.55 wà lára òkúta ibojì rẹ̀: ìwọ̀n tó rí gbà ní 1878. Orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ayé fi ń ka agbára báyìí.

Sidney Benson, tó ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Jerry Buss ló fi Joule sínú wẹ́wẹ́ mólékù, ní 1958. Benson kò ka wẹ́wẹ́ kan láìwo àwọn tó fara kàn án. CH2 tó wà láàárín kábọ́ọ̀nù méjì kì í ṣe ọ̀kan náà lójú rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó fara ti ọ́síjìn. Ẹ jẹ́ kí á fi gáàsì ìdáná dán an wò. Butane ní CH3 méjì létí, CH2 méjì láàárín. Nínú tábìlì irú ti Benson, CH3 bẹ́ẹ̀ gba −42.3, CH2 gba −20.6, ní ẹgbẹ̀rún Joule fún mole kan, òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń ka mólékù. Ẹ rò ó pọ̀: −125.8. Èyí ni agbára tí butane fi rẹlẹ̀ ju kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn tí a fi kọ́ ọ lọ, èyí tí wọ́n sì wọ̀n nínú yàrá ìwádìí kò yà kúrò níbẹ̀ ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí a bá mọ iye ti carbon dioxide àti ti omi, tí wọ́n ti wọ̀n dáadáa, a ó rí i pé mole kan butane ń mú nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún 2,877 Joule jáde bó bá jóná tán. Sílíńdà 12.5 kg tó wà ní ilé ìdáná wa, bó bá jẹ́ butane nìkan ló wà nínú rẹ̀, gbé nǹkan bíi mílíọ̀nù 619 Joule. A kò nílò láti ṣáná sí butane kí a tó mọ èyí.

Ibi tí ó ti dáa tó báyìí náà ló ti lè tanni. Ẹ mú CH2 mẹ́ta, kí ẹ tẹ̀ wọ́n kọ́ ara wọn bí igun mẹ́ta. Cyclopropane nìyẹn, gáàsì tí wọ́n ti fi ń mú aláìsàn sùn ní ilé ìwòsàn nígbà kan. Ìṣirò sọ pé mẹ́ta lọ́nà −20.6 jẹ́ −61.8. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́, +53 ni wọ́n bá níbẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì jẹ́ 115, kì í ṣe ohun kékeré rárá. Kábọ́ọ̀nù kò fẹ́ kí wọ́n tẹ ọwọ́ òun tó bẹ́ẹ̀, agbára tí ìtẹ̀ náà gbà sì há sínú òrùka yẹn títí tí yóò fi já. Benson kò sọ tábìlì rẹ̀ nù nítorí èyí. Ó kọ 115 sí abẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àfikún fún òrùka onígun mẹ́ta, iṣẹ́ sì ń lọ. Àwọn kan máa ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àtọwọ́dá ni. Èmi rí i bí òdodo: ibi tí òfin ti kùnà, wọ́n kọ iye tó fi kùnà sílẹ̀ fún gbogbo ayé rí.

Ọ̀nà kejì tí ó ń gbà kùnà ni ti gígùn. Epo pupa wa kún fún palmitic acid, ó tó ìdá mẹ́rìnlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ásíìdì inú rẹ̀. Ara ọ̀pẹ ni wọ́n sì ti yọ orúkọ rẹ̀. Ó ní CH3 kan, CH2 mẹ́rìnlá, àti orí ásíìdì kan, COOH, tí Joback fún ní 169.09. Ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ sọ ọ́ di Celsius: 438. Ibi tó ti ń hó gan-an jẹ́ nǹkan bíi 351. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ 87, nítorí tábìlì gbà pé CH2 kẹrìnlá ń fi iye kan náà kún un bíi ti èkíní, bẹ́ẹ̀ kọ́ ló sì rí. Bí mólékù ṣe ń gùn sí i, àfikún kọ̀ọ̀kan ń kéré sí i. Ní 1994, Stephen Stein àti Robert Brown ní Amẹ́ríkà tún tábìlì Joback ṣe, wọ́n fi wẹ́wẹ́ kún un, wọ́n sì fi ìṣirò mìíràn tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ níbi tó bá ti ga jù. Pẹ̀lú tiwọn, palmitic acid bọ́ sí nǹkan bíi 359.

Ọ̀nà kẹta ló le jù, ti àwọn aládùúgbò. Nitrophenol kan wà tí OH rẹ̀ àti wẹ́wẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ nitro jókòó ti ara wọn lórí òrùka. Òmíràn wà tí wọ́n dojú kọ ara wọn láti òdìkejì. Nínú èkíní, OH ń di nitro ilé ara rẹ̀ mú, kò ráyè ti ìta. Nínú èkejì, mólékù mìíràn ló ń dì mú. Bí a bá fi oru omi gba inú àdàlù àwọn méjèèjì kọjá, èkíní á bá oru lọ, èkejì á jókòó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fi èyí yà wọ́n sọ́tọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Tábìlì Joback fún àwọn méjèèjì ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, torí pé kò béèrè ibi tí ẹnikẹ́ni jókòó sí.

Ní Durban ní gúúsù Áfíríkà, ní yunifásítì KwaZulu-Natal, ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ aládùúgbò yìí ní pàtàkì. Yash Nannoolal, Deresh Ramjugernath àti Jürgen Rarey tẹ ọ̀nà tiwọn jáde ní 2004 fún ìwọ̀n ìhó, wọ́n sì ṣe ti agbára ìfò, ìyẹn bí nǹkan ṣe ń fò lọ sínú afẹ́fẹ́, ní 2008. Wọ́n gbé e lé orí àkójọ ńlá àwọn ohun tí wọ́n ti wọ̀n, tó bẹ̀rẹ̀ ní Dortmund ní Jámánì. Wọ́n fi iye lé àwọn wẹ́wẹ́ tó ń kan ara wọn lórí, wọ́n sì ṣe àtúnṣe fún ìjókòó lórí òrùka. Ọ̀nà àwọn ará Durban yìí wà lára àwọn tí ìlú Manchester ń lò lónìí. Inú mi dùn sí i, nítorí àwọn èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìmọ̀ kì í ti Áfíríkà lọ sí Yúróòpù rí.

Kí wá ni Manchester ń fi í ṣe? Afẹ́fẹ́ ni. Robert Angus Smith ló kọ́kọ́ kọ nípa òjò ásíìdì ní ìlú yìí, ní 1852, nígbà tí èéfín ilé iṣẹ́ òwú ń sọ ògiri di dúdú. Ìwé ńlá tó kọ lórí afẹ́fẹ́ àti òjò jáde ní 1872. Èéfín èédú yẹn ti lọ. Ohun tí àwọn tó tẹ̀lé e ń lé kiri báyìí ni àwọn horo tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí, tí ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, tí kùrukùru sì máa ń dì sí lára. Apá púpọ̀ nínú wọn kò jáde tààrà láti ẹnu páìpù ọkọ̀. Gáàsì ló jáde, láti ara epo, igi tàbí ewé. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ sì so ọ́síjìn mọ́ ọn léraléra. Bí ọ́síjìn ṣe ń pọ̀ lára rẹ̀ ni ìfẹ́ rẹ̀ láti fò ń dínkù, títí tí yóò fi bà lé horo kan. Láti ara kẹ́míkà kan ṣoṣo, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ lè jáde. Ìgò wọn kò sí lórí àtẹ ilé ìtajà kankan.

Ohun tó ń pinnu bóyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò dúró sí gáàsì tàbí yóò bà ni agbára ìfò rẹ̀. Aṣọ tí a sá máa ń gbẹ láìjẹ́ pé omi ara rẹ̀ hó. Agbára ìfò omi ló ṣe é. Nígbà tí agbára náà bá ga débi tó fi tó ti afẹ́fẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ lórí, ìgbà yẹn ni a ń pè ní híhó. Nítorí náà, bí a bá mọ ìwọ̀n ìhó, a lè fi ìṣirò rìn padà wálẹ̀ sí ìgbóná ojoojúmọ́. Frederick Trouton fi ọ̀nà tó rọrùn lélẹ̀ ní 1884: pín ooru tí mole kan gbà láti di gáàsì sí ìwọ̀n ìhó rẹ̀ ní Kelvin, fún ọ̀pọ̀ nǹkan, nǹkan bíi 88 ni yóò jáde. Ìrìn àjò náà ló léwu. Lórí òfin Trouton, bí a bá fi 50 péré ṣi ìwọ̀n ìhó, agbára ìfò tí a ó rí ní 25°C yóò fi ìlọ́po mẹ́fà yàtọ̀. Àṣìṣe tí a lè fojú fò ní ilé ìpọntí di ohun ńlá nígbà tó bá dé ojú ọ̀run.

Ní 2016, David Topping àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Manchester gbé ètò kọ̀ǹpútà kan jáde tí wọ́n pè ní UManSysProp, ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Èèyàn kì í ya àwòrán fún un. Lẹ́tà ló ń kọ, ní ọ̀nà SMILES tí David Weininger dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1980: ethanol á di CCO, acetone á di CC(=O)C, butanol á di CCCCO. Kọ̀ǹpútà á ka lẹ́tà náà, á gé mólékù sí wẹ́wẹ́, á sì ṣírò ìwọ̀n ìhó àti agbára ìfò. Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé kò yan ọ̀nà kan fún ọ ní bòókẹ́lẹ́. Ó gbé ti Joback, ti Stein àti Brown àti ti Nannoolal síwájú rẹ kí o mú. Bó o bá mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí wọ́n sì bá ara wọn jà, ìjà náà fúnra rẹ̀ ti sọ nǹkan fún ọ.

Wọ́n ń wọn agbára ìfò gan-an ní Manchester pẹ̀lú. Wọ́n á fi kẹ́míkà díẹ̀ sínú agolo kékeré tó ní ihò tín-tìn-tín, wọ́n á fa gbogbo afẹ́fẹ́ kúrò láyìíká rẹ̀, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ ka àwọn mólékù tó ń yọ́ jáde, wọ́n á sì fi wé kẹ́míkà tí wọ́n ti mọ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 2020 wọ́n tẹ àbọ̀ irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ jáde lórí àwọn ìdílé nitrophenol, tí wọ́n wà nínú èéfín igi. Àwọn ọ̀nà ìṣirò àti ìwọ̀n náà yàtọ̀ síra ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ lórí àwọn kan lára wọn. Aládùúgbò tún ni.

Ọ̀rọ̀ èéfín igi yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje 2016, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní DACCIWA gbé ọkọ̀ òfuurufú mẹ́ta dúró ní Lomé, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ ní Kumasi, ní Sábẹ̀ ní ilẹ̀ Benin, àti ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti wà lára àwọn tó ṣe é. Àwọn ará Manchester wà níbẹ̀. Àbọ̀ wọn tó jáde ní 2019 sọ pé lásìkò òjò, apá tó pọ̀ jù nínú horo afẹ́fẹ́ gúúsù Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kò ti ìlú wa wá. Èéfín igbó jíjó láti ìsàlẹ̀ Áfíríkà ló ń gba orí òkun wá bá wa. Nígbà tí igi bá jóná, ọ̀kan lára ohun tó ń bá èéfín rẹ̀ jáde ni levoglucosan, tó gbé OH mẹ́ta sára òrùka kan, gbogbo wọn sún mọ́ra. Àwọn tó ka ìwé yìí débí ti mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ẹni tó ń lo tábìlì.

Ìdájọ́ tèmi ni pé ọ̀nà wẹ́wẹ́ yìí dáa, ó sì tọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ àti ní Manchester mọ̀ ọ́n ṣe pẹ̀lú bírò kí ó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, nítorí ẹni tó bá ti ro palmitic acid pọ̀ fúnra rẹ̀ kò ní gba 438 gbọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ. Ohun tí kò dáa ni nọ́ńbà tí kò ní ìran. Mo ti rí i nínú ìwé ìwádìí àti nínú ìwé ètò ilé iṣẹ́, ìwọ̀n ìhó tó dúró gbọnin-gbọnin pẹ̀lú nọ́ńbà méjì lẹ́yìn àmì ìdá rẹ̀, tí kò sẹ́ni tó sọ bóyá tẹmọ́mítà ló sọ bẹ́ẹ̀ tàbí tábìlì. Ẹ̀yin tó ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà bóyá wọ́n wọ̀n ọ́ ni tàbí wọ́n ṣírò rẹ̀, kí ẹ dárúkọ ọ̀nà tí ẹ lò àti ọdún rẹ̀, kí ẹ sì fi iye tó lè fi yẹ̀ hàn.